Ẹ̀jẹ̀ Apá Òsì

Ẹni tó bá ń wá ìjà mi, kó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni ìyá mi gan-an. Bó bá ní ta ni ìyá mi, ìyẹn ò burú, èèyàn lè fi mọ ilé tí mo ti wá. "Gan-an" yẹn ni etí mi ò gbà. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ìbátan mi kan gbé ike kékeré kan wá sílé mi, ó ní kí n tu itọ́ sí i, pé òun máa fi ránṣẹ́ sókè òkun, wọ́n á sì sọ ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ṣẹ̀ wá fún wa, wọ́n á sọ ẹni tó bí ẹni tó bí wa. Mo ní kó gbé ike rẹ̀, kó sì máa lọ sílé. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. N kò dá a lẹ́bi. Wọn ò tíì bí i nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ èmi àti Ìyá ní Èkó, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tí ojú wa rí nítorí ẹ̀jẹ̀ náà fún un.

Agbo ilé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé ńlá kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, kànga láàárín àgbàlá. Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Ìyálé ni ẹni tí mo ń pè ní Ìyá. Ọmọ mẹ́ta ni Ìyá ti bí, kò sì sí èyí tó dúró. Ẹ̀kẹta kú nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìyàwó kejì bí mi, ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí mi náà ni ẹni tó bí mi fi ayé sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà nínú yàrá kan tí mò ń ké nítorí ebi, tí Ìyá wà nínú yàrá kejì, tí omi ọmú wọn kò tíì gbẹ tán, tí kò sí ọmọ tí yóò mu ún.

Ìyá àgbà mi, ìyá ẹni tó bí mi, ló gbé mi kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti wá sin ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé ló ń sọ ọ́ títí mo fi dàgbà, mo sì mọ̀ ọ́n sórí bíi pé mo fetí ara mi gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́ nítorí Ọlọ́run. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ yìí ní òrukàn. Ẹni tó bá bi ọ́, tìẹ ni."

Ìyá kúnlẹ̀ gbà mí. "Tèmi ni, Mà. Títí ayé, tèmi ni."

Ọmú òsì ni Ìyá gbé mi sí, nítorí ti ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Àwọn ìyá ilé ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lé wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ lálẹ́ kí omi ọmú lè padà wá. Ó padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti òsì ló pọ̀ jù. Ọdún méjì gbáko ni mo fi mu ún.

Kò sí àṣírí kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ má ṣe rò pé ìtàn ọmọ tí wọ́n tàn jẹ ni mò ń sọ. Bí a bá ti ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀ tán lọ́dọọdún, Ìyá á mú mi lọ sí itẹ́ òkú, a ó dúró síbi tí ẹni tó bí mi sùn sí, Ìyá á ní, "Kí ìyá ẹ." Màá kí wọn, a ó ṣàdúrà, a ó sì máa padà lọ sílé. Lójú ọ̀nà, bí òùngbẹ bá ń gbẹ mí, màá ní, "Ìyá, ẹ ra omi fún mi." Orí mi ò dàrú rárá. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ èèwọ̀ nílé wa ni kí ẹnikẹ́ni la ẹnu sọ pé Ìyá kọ́ ló ni mí. Ayálégbé kan sọ ọ́ nígbà tí èmi àti ọmọ rẹ̀ jà nídìí kànga. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Òkè Àrin ni Ìyá ti ń tajà: ṣúgà, tòmátò alágolo, mílíìkì alágolo ní páálí-páálí. Orí páálí mílíìkì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé mi láti kékeré. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ mí pé mo yọ́ mílíìkì kan mu, Ìyá á ní, "Èyí tí mo fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ò tó ọ, àbí?" àwọn tí ìsọ̀ wọn sún mọ́ tiwa á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Ìyá fínra nígbà náà. Láràárọ̀, kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n á gbé oògùn funfun kékeré kan mì, wọ́n á ní èmi ni mo fà á. Bóyá èmi náà ni. Alágídí ọmọ ni mí.

Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí Bàbá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n rí iṣẹ́ sí ìdíkọ̀ ojú irin. Nígbà tó fi máa di 1989, ìwé wọn ti dúró dáadáa níbẹ̀, wọ́n ní kí èmi àti Ìyá máa bọ̀. Fọ́ọ̀mù físà béèrè orúkọ ìyá ọmọ. Bàbá kọ orúkọ Ìyá sí i. Kí ni ẹ̀yin ì bá kọ? Orúkọ yẹn ló wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mi, òun ni Ààfáà pè lọ́jọ́ tí mo ṣe wòlímọ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí nìkan ni n kò ní, nítorí ilé ni wọ́n bí mi sí, ọ̀fọ̀ ló sì tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó rántí ìwé. Ọdún tí a fẹ́ gba físà ni ẹ̀gbọ́n Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí kóòtù lọ búra ọjọ́ orí fún mi. Ìwé náà ṣì ń ta sánsán inki nígbà tí a mú un lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò ní ọ́fíìsì físà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1990, àárọ̀ kùtù la ti tò sórí ìlà. Òyìnbó obìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ọmọ Yorùbá kan tó so táì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni ògbufọ̀. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìyá ti lé ní àádọ́ta. Ó wo Ìyá látòkè délẹ̀, ó ní:

"Ṣé ìwọ lo bí ọmọ yìí?"

Ìwọ! Sí ìyá mi! Bí mo ṣe ń pe ọkùnrin yẹn ní "ó" nínú ìtàn yìí, tí mò ń pe Ìyá ní "wọ́n", mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Kò ní rí ọ̀wọ̀ kankan gbà lọ́wọ́ mi títí ọ̀rọ̀ yìí fi máa parí.

Ìyá ò bínú. "Ọmọ mi ni, sà."

"Mo ní ṣé ìwọ lo bí i?"

"Èmi ni mo fún un lọ́mú. Ọmọ mi ni."

Ó yíjú sí òyìnbó náà, ó sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé obìnrin yìí ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló bí i. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo mọ̀ pé ohun tí Ìyá sọ kọ́ nìyẹn. Mo ya ẹnu. Ìyá fọwọ́ tẹ mí nítan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí mo bá fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Mo pa ẹnu mi dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Òyìnbó náà gbé ìwé kóòtù sókè, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ó ní ìwé náà ti tuntun jù. Ó ní ojú mi kò jọ ti obìnrin yìí. Ó wá sọ lẹ́tà mẹ́ta kan tí n kò gbọ́ rí nílé wa: DNA. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ Bàbá ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á fa ti èmi àti Ìyá ní Èkó, wọ́n á fi wéra. Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́ la sọ, kí a má bẹ̀rù, ẹ̀jẹ̀ á sọ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹbí pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ní ṣé kò ní dára kí a lọ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyá ló kọ́kọ́ fèsì.

"Kí n lọ sọ lójú ọmọ yìí pé kì í ṣe tèmi? Ìlérí ni mo ṣe o. Òkú ń gbọ́."

Ààfáà ilé wa wúkọ́. Ẹni ńlá ni wọ́n ládùúgbò, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ó ti parí. Wọ́n ní, "Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù? Ẹ̀sìn ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ọmọ tó bá mu ọmú obìnrin ti di ọmọ rẹ̀, kò lè fẹ́ ọmọ tí obìnrin náà bí, kò lè fẹ́ àbúrò obìnrin náà. Kí ló fà á? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ni. Kí ni omi ọmú bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ tí Ọlọ́run sọ di funfun? Ọdún méjì ló fi mu ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú á tì wọ́n."

"Alihamudulilahi!" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbà á. Inú Ìyá dùn débi pé wọ́n pín bisikíìtì fún àwọn ọmọ ilé.

Èmi nìkan ni ọkàn mi ò balẹ̀. A ti ń ṣe bàọ́lọ́jì nílé-ìwé. Tíṣà ti fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán rẹ̀ sára bọ́ọ̀dù: ìdajì láti ara bàbá, ìdajì láti ara ìyá, ọmọ wà nísàlẹ̀. Kò sí ibi tí tíṣà kọ ọmú sí nínú gbogbo àwòrán náà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó lè sọ ọ́, mo ní láti dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbé mi gbà kọjá lọ́jọ́ kẹrin ayé mi, kí n sọ ohun tí ayálégbé sọ tí a fi lé e jáde. Ká sòótọ́, bí Ààfáà ṣe sọ ọ́ yẹn, èmi náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́. Ìgbà kejì nìyẹn. Bí ẹ bá rí i pé inú ń bí mi sí gbogbo èèyàn nínú ìtàn yìí, ẹ mọ̀ pé mo wà lára àwọn tí mò ń bínú sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ 1991 la lọ fa ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n ní kí a mú fọ́tò wá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, wọ́n ní kí a fọwọ́ sí i, bíi pé a fẹ́ lọ jí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn gbé. Ìyá wọ léèsì funfun tí wọ́n fi ṣe Iléyá, wọ́n lé tìróò. Nọ́ọ̀sì ká apá aṣọ wọn ti ọ̀tún sókè. Ìyá fà á padà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, apá òsì ni kẹ́ ẹ ti fà á."

"Màmá, kò sí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀."

"Ó wà. Ọmú òsì ló mu jù. Kí wọ́n lè tètè rí i."

Nọ́ọ̀sì náà wo Ìyá, ó wò mí. Ẹni rere ni. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, mo gbé ojú mi sílẹ̀ kó má baà rí i sọ. Ó fa ẹ̀jẹ̀ náà ní apá òsì. Nígbà tó kàn mí, òsì lèmi náà nà. Ìyá ń wo ìgò kékeré méjèèjì bí nọ́ọ̀sì ṣe ń tò wọ́n. "Wò ó," wọ́n ní, "àwọ̀ kan náà."

A ń retí èsì. Ìyá ra súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan tó nípọn ní Ọjà Balógun, nítorí Bàbá ní òtútù ibẹ̀ ń wọ egungun. Wọ́n wọ̀ ọ́ wò nínú ìsọ̀, nínú oòrùn Òkè Àrin, òógùn bò wọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kí wọn pé, "Ìyá Lọ́ńdọ̀nù!"

Oṣù bíi márùn-ún kọjá kí wọ́n tó pè wá. Ojú fèrèsé kan náà, òyìnbó kan náà, onítáì kan náà. Òyìnbó náà ṣí fáìlì, ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ògbufọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ bàbá wà lára ọmọ, ti obìnrin yìí kò sí níbẹ̀ rárá. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó gbé ohùn sókè débi pé àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú wò wá.

"Màmá, kí ló dé tí o fi purọ́?"

Ìyá ò wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn rí ìwé náà. Ó ti ìwé náà gba abẹ́ gíláàsì. Ìyá ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n gbójú sókè.

"Ṣé wọ́n wo ti apá òsì yẹn dáadáa?"

Ògbufọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ìyá mi rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ràn kí n máa gbé èpè lé ọmọ èèyàn, torí náà n kò ní kọ ohun tí mo sọ nínú ọkàn mi síbí.

Mo wá la ẹnu, nígbà tó ti pẹ́. Mo sọ ọ́ fún òyìnbó náà fúnra mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó kú, ìyàwó kékeré tó kú, ọmú òsì, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n irọ́ ló wà nínú fáìlì, irọ́ náà ló gbọ́dọ̀ kúrò. Níwọ̀n bí mo ti jẹ́ ọmọ bàbá mi, mo lè lọ. Ohun tó kù ni kí obìnrin yìí tẹ ìka sí ìwé pé òun kì í ṣe ìyá mi, kí n tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tí físà ọmọdé ò ní gbà mí mọ́. Ní ti físà tirẹ̀, kò sí, nítorí ó tan ìjọba jẹ.

Ìwé yẹn! Ta ló bi í léèrè? Nígbà tí éèyi mú mi, tí ojú mi dì, ẹ̀jẹ̀ ta ló jókòó tì mí lórí ẹní? Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé mi nílé-ìwé nítorí mo gbá ọmọ kan létí, ta ló lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá? Ọmọ náà ló kúkú pè mí ní òrukàn. Mo mọ ohun tí àwọn onímọ̀ máa sọ. Wọ́n á ní àyẹ̀wò kò sọ pé kì í ṣe ìyá, pé ohun tí ẹ̀jẹ̀ sọ nìkan ló sọ. Irọ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kì í ṣe ìyá. Mo kà á.

Nígbà tí a délé, Ààfáà ní ti ẹ̀sìn làwọn sọ, àwọn ò sọ ti ilé àyẹ̀wò. Mo ní, "Ààfáà, ẹ̀yin lẹ ní ojú á tì wọ́n. Ojú ta ló wá tì?" Ìyá pàṣẹ pé kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin bí mi ò bá mọ bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n mi ò tọrọ ọ́ látọkàn wá.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ìdúmọ̀tà tí Bàbá máa ń pe tẹlifóònù rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti bá wa sọ̀rọ̀. Bàbá ní, "Jẹ́ kí ìyá ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìwé lásán ni."

Mo ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ ìwé lásán, ẹ̀yin náà ẹ tẹ̀ ẹ́ pé ẹ kì í ṣe bàbá mi."

Bàbá ní kí n gbé e fún Ìyá, mo sì gbọ́ ohùn wọn láti inú tẹlifóònù bí wọ́n ṣe ń pariwo: "Ẹnu ọmọ ẹ ti gbó jù!" Ọmọ ẹ. Ìyá kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní mi ò lọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sọ ọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án. Ìyá ò bá mi jiyàn. Lọ́jọ́ kan, a ń to páálí mílíìkì, wọ́n dá iṣẹ́ dúró.

"Kí ni mo ṣèlérí fún ìyá àgbà ẹ nígbà ayé wọn?"

"Pé ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n pè mí ní òrukàn."

"Ṣé o rí i. Bí o bá jókòó síbí nítorí mi, tí bàbá ẹ darúgbó sọ́hùn-ún tí o ò rí wọn mọ́, ìdajì òrukàn ni mo sọ ọ́ dà yẹn. O máa lọ."

Lọ́jọ́ kejì, tí kì í ṣe àsìkò Ìtúnu Ààwẹ̀, Ìyá mú mi lọ sí itẹ́ òkú. Wọ́n ò ní kí n kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n dúró, wọ́n so gèlè wọn le. "Ìyàwó," wọ́n ní, "wọ́n ní kí n sọ pé kì í ṣe tèmi. Ẹnu lásán ni mo máa fi sọ ọ́ o. Bá mi sọ fún màmá ẹ níbẹ̀ pé mi ò yẹhùn." Wọ́n ṣàdúrà kúkúrú, a sì lọ ṣí ìsọ̀.

Lọ́jọ́ tí a padà lọ, ògbufọ̀ ka ìwé náà sétí Ìyá lédè Yorùbá: pé èmi obìnrin yìí kì í ṣe ìyá ọmọ yìí, pé irọ́ ni mo pa. Ó ti pátákó inki sọ́dọ̀ wọn.

"Àtàńpàkò òsì."

Ìyá ká ọwọ́ òsì wọn sínú ìborùn. Ọ̀tún ni wọ́n nà.

"Màmá, òsì ni wọ́n ń tẹ̀. Òsì ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Ọ̀tún ni mo máa fi tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló ṣe òsì?"

"Òsì ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Òyìnbó náà bi í pé kí ni obìnrin náà wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ògbufọ̀ náà ya ẹnu tí kò rí ọ̀rọ̀ túmọ̀. Òyìnbó náà ju ọwọ́, ó ní ìka tó bá wù ú ni kó tẹ̀. Ìyá fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Etí ìborùn mi ni mo fi nu inki náà kúrò lọ́wọ́ wọn, kò lọ tán, ó wà níbẹ̀ títí a fi dé Òkè Àrin, wọ́n ń fi ka owó ṣúgà fún oníbàárà bíi pé kò sí nǹkan kan.

Mo lọ ní 1992. Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé náà ni Ìyá wọ̀ fún mi ní pápákọ̀ òfuurufú, ó tóbi jù mí lọ. Mo lọ, mo sì mọ̀ pé ẹni tí n kò mọ̀ rí lè sọ pé ṣebí ó ṣe mí láǹfààní. Ó ṣe mí láǹfààní. Inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, Bàbá mú mi lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n na apá, ó fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Mo na òsì. Ó wé aṣọ kan mọ́ ọn, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wọ̀n. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ga ju ti ọmọ tó wà lọ́jọ́ orí mi lọ. Mo mọ ohun tó gbé e ga. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀ nínú ẹbí wa.

Mo ní, "Ìyá mi ni."

Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n yíjú wò mí. Nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, láti ọ̀dọ̀ ìyá. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n rí i. Ó yí ìwé náà sí mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe ṣọ́ọ̀bù Ìdúmọ̀tà.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ga."

"Ga báwo?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru, Ìyá. Bíi tiyín."

Ìyá figbe ta, gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà ti ní láti gbọ́ ọ. "Mo sọ fún wọn! Ṣé mi ò sọ fún wọn?" Ẹ̀rín ń pa wọ́n, wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn tó dúró tì wọ́n níbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé àìsàn ni. "Ṣé wọ́n ti fún ọ lóògùn? Dín iyọ̀ kù o, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Apá wo ni wọ́n ti wò ó?"

"Òsì ni."

"Mo mọ̀," ni Ìyá wí.